Ẹ̀yà, Ìran, Ènìyàn: Àyẹ̀wò Àwọn Ọ̀rọ̀ tí a fi ń pe Ọmọ Ènìyàn àti Àwọn Aṣáájú Rẹ̀

Ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n fi ìwé àfọwọ́kọ kan ṣọwọ́ sí wa láti ìlú Abidjan, kí a bá wọn yẹ àkọtọ́ rẹ̀ wò kí ó tó dé ọ̀dọ̀ òǹtẹ̀wé. Ìwé kékeré ni. A kọ ọ́ fún àwọn ọmọ Yorùbá tí a bí sí Treichville àti Adjamé, tí àwọn òbí wọn, púpọ̀ nínú wọn láti Èjìgbò àti àgbègbè rẹ̀, ti ń ṣòwò ní ìlú náà láti ìgbà pípẹ́. Èdè Faransé ni àwọn ọmọ wọ̀nyí fi ń kàwé ní ilé-ẹ̀kọ́. Ìwé yìí sì fẹ́ kí wọ́n fi èdè baba wọn ka ìtàn ohun tí a hú jáde nínú ilẹ̀ ní ẹ̀yìn odi ìlú tí wọ́n ń gbé. Èrò rere ni, a sì yin ẹni tí ó rò ó. Ṣùgbọ́n nígbà tí a kà á tán, a rí i pé àṣìṣe àmì ohùn kọ́ ni ó wúwo jù nínú rẹ̀, bí kò ṣe ìlò ọ̀rọ̀ mẹ́rin: ẹ̀yà, ènìyàn, baba ńlá àti egungun. Níwọ̀n bí a ti ń bá irú ìlò bẹ́ẹ̀ pàdé nínú ìwé àwọn ẹlòmíràn pẹ̀lú, a rò pé kò yẹ kí a fi àtúnṣe náà pamọ́ sínú lẹ́tà. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin òǹtẹ̀wé, àti ẹ̀yin tí ń ṣètò ìdánwò, ọ̀rọ̀ náà kàn yín.

Kí a kọ́kọ́ sọ ohun tí ìwé náà ń ròyìn. Ní Anyama, nǹkan bí ogún kìlómítà sí àríwá Abidjan, ibì kan wà tí àwọn awalẹ̀pìtàn ń pè ní Bété I. Ní ọdún 1982, Ọ̀jọ̀gbọ́n Yodé Guédé ti ilẹ̀ Côte d'Ivoire àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti ilẹ̀ Soviet ìgbà náà walẹ̀ níbẹ̀, wọ́n sì bá ohun èlò òkúta ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀. Wọn kò ní ọ̀nà tí wọ́n lè fi mọ iye ọdún wọn nígbà náà. Nígbà tí ó tó nǹkan bí ogójì ọdún, àwọn onímọ̀ mìíràn, tí Eslem Ben Arous àti Eleanor Scerri wà nínú wọn, bá Guédé padà síbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀nà ìwádìí tuntun. Ìwé ìròyìn Nature tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní oṣù Kejì ọdún 2025: àwọn òkúta tí ó wà nísàlẹ̀ jùlọ ti tó nǹkan bí 150,000 ọdún. Lẹ́búlẹ́bú òdòdó àti ìyókù ewé tí ó wà nínú ilẹ̀ náà sì fi hàn pé igbó kìjikìji ni ibẹ̀ jẹ́ ní àkókò náà. Kí èyí tó jáde, ẹ̀rí tí ó dájú nípa ibùgbé ènìyàn nínú igbó òjò ilẹ̀ Áfíríkà kò ju nǹkan bí 18,000 ọdún lọ. Lẹ́yìn tí wọ́n ti bu ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò, àwọn tí ń fi ẹ̀rọ wa ilẹ̀ ba ibẹ̀ jẹ́. Ọmọ tí a bá mú lọ sí Anyama lónìí kò ní bá kòtò náà níbẹ̀ mọ́; ohun tí ìwé bá sọ fún un ni yóò mú lọ.

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ni ẹ̀yà. Láti inú èdè Faransé ni òǹkọ̀wé yìí ti ń túmọ̀, èdè náà sì ní ọ̀rọ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ níhìn-ín. 'Espèce' ni wọ́n ń pe irú ẹ̀dá kan tí ó yàtọ̀ sí òmíràn, bí kìnnìún ti yàtọ̀ sí ẹkùn. 'Ethnie' ni àwọn ènìyàn tí èdè, àṣà àti ìtàn so pọ̀, bí Yorùbá, Baulé tàbí Bété. 'Race' ni ọ̀rọ̀ tí àwọn ará Yúróòpù àtijọ́ fi ń pín ọmọ ènìyàn gẹ́gẹ́ bí àwọ̀ ara wọn. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni òǹkọ̀wé wa pè ní ẹ̀yà. Ní ojú ìwé kan, Neanderthal jẹ́ ẹ̀yà. Ní ojú ìwé tí ó tẹ̀lé e, Yorùbá jẹ́ ẹ̀yà. Nígbà tí ó sì dé orí Anyama, ó kọ ọ́ pé 'ẹ̀yà ènìyàn àtijọ́ ti Bété'.

Kí ni ọmọ tí ó ka èyí yóò gbọ́? Orúkọ tí a fún kòtò náà bá orúkọ àwọn Bété mu, àwọn tí ìlú wọn wà ní ìhà Gagnoa àti Daloa, tí ọmọ wọn sì ń jókòó lórí àga kan náà pẹ̀lú ọmọ wa nínú kíláàsì. Ọmọ náà yóò gbọ́ pé ẹ̀dá ìgbà láéláé ni àwọn Bété, wọn kò sì tíì di ènìyàn tán. Bí ó bá sọ ọ́ lẹ́nu ní ilé-ẹ̀kọ́, ìjà ni yóò dá sílẹ̀, kò sì ní mọ ohun tí ó ṣe. Ẹ má ṣe jẹ́ kí a fi èyí ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ogun bẹ́ sílẹ̀ ní ilẹ̀ náà ní ọdún 2002, ìpànìyàn sì tún ṣẹlẹ̀ láti ìparí ọdún 2010 wọ ọdún 2011. Ìbéèrè pé ta ni ọmọ onílẹ̀, ta ni àlejò, sì wà lára ohun tí ó dá ìjà náà sílẹ̀. Àlejò ni a ka àwọn ènìyàn wa sí níbẹ̀, Anango ni a ń pè wọ́n. Ẹni tí ó bá ń gbé irú ibẹ̀ kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ kan náà pe aládùúgbò rẹ̀ àti ẹ̀dá tí ó ti parẹ́ kúrò láyé.

Nítorí náà a dábàá pé kí a fi ẹ̀yà sílẹ̀ fún iṣẹ́ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n mọ́: ẹ̀yà Yorùbá, ẹ̀yà Bété, àti ẹ̀yà ara. Fún 'espèce', kí a máa kọ irú-ẹ̀dá, pẹ̀lú àmì ìsopọ̀, kí ó lè dúró bí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. A mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé èébú ni, nítorí pé bí inú bá bí wa sí ẹnì kan, a máa ń bi í pé, 'Irú ẹ̀dá wo nì yìí?' Ṣùgbọ́n ìbínú ni ó wà nínú ìbéèrè yẹn, kì í ṣe inú ọ̀rọ̀ náà. Ẹ fi gbólóhùn yìí dán àbá wa wò: Irú-ẹ̀dá kan ṣoṣo ni gbogbo ènìyàn tí ó wà láyé lónìí, ẹ̀yà wọn ni ó pọ̀. Òótọ́ ni gbólóhùn náà, ó sì wà lára ohun tí ó ṣe pàtàkì jùlọ tí ẹ̀kọ́ yìí ní láti kọ́ ọmọ. Ẹni tí ẹ̀yà nìkan wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò lè sọ ọ́ rárá.

Ọ̀rọ̀ kejì ni ènìyàn, àṣìṣe ibẹ̀ sì yàtọ̀: òǹkọ̀wé náà sá fún un. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ìwé títí dé ojú ìwé tí ó kẹ́yìn, kò pe àwọn tí ó gbẹ́ òkúta Anyama ní ènìyàn lẹ́ẹ̀kan. 'Ẹ̀dá bí ènìyàn' ni ó ń pè wọ́n, tàbí 'ọ̀bọ tí ó mọ iṣẹ́ ọwọ́'. Níbi tí Faransé sì ti sọ pé 'homme', ó kọ 'ọkùnrin', bí ẹni pé kò sí obìnrin nínú igbó náà. Ìyẹn dùn wá, nítorí ènìyàn kì í ṣe akọ, kì í ṣe abo, èdè wa sì ti bọ́ nínú ìṣòro tí àwọn elédè Faransé ṣì ń bá jà.

Ìbéèrè tí ó wà ní ìparí ìwé ni ó tú àṣírí ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀. Ó bi àwọn ọmọ pé, 'Kí ni ó gbẹ́ òkúta Anyama?' Ẹ̀yin olùdánwò, ẹ dúró díẹ̀ níbi yìí. Yorùbá kì í béèrè ẹni bí ó ti ń béèrè ohun. Ta ni a ń lò fún ènìyàn, kí ni a ń lò fún ẹranko àti nǹkan. Bákan náà ni ẹni tí ó gbẹ́ ẹ kò rí bákan náà pẹ̀lú ohun tí ó gbẹ́ ẹ. Ẹni tí ó bá ń kọ ìwé ìmọ̀ ní èdè wa lè yẹra fún ènìyàn títí, bí ó bá ti béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo, ó ti dájọ́ ná. Ìdájọ́ yìí sì tún wúwo ju ti èdè mìíràn lọ. Nínú èdè wa, ènìyàn kì í ṣe orúkọ ara nìkan, orúkọ ìwà ni pẹ̀lú. A ń sọ nípa ẹni rere pé ènìyàn gidi ni. A sì ń sọ nípa ìkà pé kì í ṣe ènìyàn rárá. Ọmọ tí ó bá kà á pé àwọn ará Anyama kì í ṣe ènìyàn yóò ti ibẹ̀ gbọ́ pé ẹranko ni wọ́n, àti pé búburú ni wọ́n.

Kí ni àwọn tí ó walẹ̀ náà fúnra wọn sọ? Ènìyàn ni wọ́n pè wọ́n, ní àkọlé ìwádìí wọn gan-an. Kì í sì í ṣe àsọdùn. Ní Jebel Irhoud ní ilẹ̀ Mòrókò, a ti rí egungun àwọn tí ó jẹ́ irú-ẹ̀dá tiwa, tí ìwádìí ọdún 2017 sọ pé wọ́n ti tó nǹkan bí 300,000 ọdún. Ìlàjì iye ọdún náà ni ti Anyama.

Ẹnì kan lè bi wá pé, ṣé gbogbo ẹni tí ó bá ti mú òkúta lọ́wọ́ ni ènìyàn? Rárá o. Ní ilẹ̀ Côte d'Ivoire kan náà, nínú igbó Taï ní ìwọ̀-oòrùn, àwọn ìnàkí ń fi òkúta fọ́ èso líle jẹ títí di òní. Ní ọdún 2007 àwọn awalẹ̀pìtàn sọ pé àwọn hú irú òkúta bẹ́ẹ̀ níbẹ̀, tí àwọn ìnàkí ti lò ní nǹkan bí 4,300 ọdún sẹ́yìn. Nítorí náà òkúta nìkan kò tó ẹ̀rí. Èyí tí ìnàkí lò, òkúta tí a fi lu nǹkan ni; ti Anyama, a ha á, a sì pọ́n ọn fún iṣẹ́ tí a mọ̀ tẹ́lẹ̀, ní àkókò tí ènìyàn ti wà ní Áfíríkà dájúdájú. Lóòótọ́, ẹ̀rí Anyama kì í ṣe egungun, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi òkúta nìkan búra irú-ẹ̀dá wo gan-an ni wọ́n. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ọ̀rọ̀ wa fi bá a mu. Bí a bá lo ènìyàn fún gbogbo àwọn tí orúkọ ìmọ̀ wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Homo, tí a sì lo irú-ẹ̀dá tiwa fún Homo sapiens, orúkọ tí Linnaeus fún wa ní ọdún 1758, nígbà náà 'ènìyàn ìgbà láéláé' jẹ́ òótọ́ láìsí àsọdùn.

Kí ni kí a wá pe àwọn tí ó ṣáájú ènìyàn? Níbi yìí òǹkọ̀wé wa jìn sínú kòtò tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti jìn sí ṣáájú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì wà tí ó jọ ara wọn, 'hominid' àti 'hominin'. Láti inú Hominidae, orúkọ tí John Edward Gray dá ní ọdún 1825, ni èkíní ti jáde. Fún ìgbà pípẹ́, ènìyàn àti àwọn aṣáájú rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń fi 'hominid' pè. Nígbà tí ìwádìí inú ẹ̀jẹ̀ àti ohun àjogúnbá inú ara fi hàn pé ìnàkí súnmọ́ wa ju bí a ti rò lọ, wọ́n fi ẹsẹ̀ ilé náà gbòòrò, gbogbo ìnàkí ńláńlá sì wọlé. 'Hominin' wá di orúkọ ẹ̀ka tiwa nìkan. Ẹni tí ó bá fi ìwé atúmọ̀ àtijọ́ ka ìwé tuntun yóò ṣì wọ́n mú. Bẹ́ẹ̀ ni ìwé tí ó wà níwájú wa ṣe rí: ó túmọ̀ 'hominidé' sí ìran ènìyàn, nígbà tí ó sì ka àwọn tí ó wà nínú ìran náà, ìnàkí wà lára wọn.

Àbá wa kò le. Ìdílé ènìyàn àti ìnàkí ni kí a máa pe ilé ńlá náà. Ìran ènìyàn ni kí ó jẹ́ orúkọ ẹ̀ka tiwa, láti ìgbà tí ọ̀nà wa ti yà kúrò lára ti ìnàkí títí di òní. Nínú ìran ènìyàn ni Lucy wà, tí a rí ní Hadar ní Etiópíà ní ọdún 1974, tí ó ti gbé ayé ní nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́ta ọdún ó lé díẹ̀ sẹ́yìn. Níbẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ fi Toumaï sí, ẹni tí a rí agbárí rẹ̀ ní ilẹ̀ Chad ní ọdún 2001, tí ó tó nǹkan bí mílíọ̀nù méje ọdún. Wọn kì í ṣe ènìyàn, ṣùgbọ́n ìran ènìyàn ni wọ́n. Ẹ kíyè sí i pé àwọn tí ó ni ilẹ̀ kò fi èdè àjèjì nìkan pè wọ́n. Ní èdè Amhariki, Dinknesh ni Lucy ń jẹ́, èyí tí ó ń yin ìyanu rẹ̀. Toumaï sì jẹ́ orúkọ tí a ń sọ ọmọ tí a bí nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ ni ìrètí ìyè, bí àwa náà ti ń sọ ọmọ ní Bánjókòó. Ẹni tí a fún ní irú orúkọ bẹ́ẹ̀, ta ni a ń lò fún un.

Ọ̀rọ̀ kẹta ni baba ńlá. 'Lucy, baba ńlá wa', bẹ́ẹ̀ ni ìwé náà kọ ọ́. Kí a tilẹ̀ fi ti pé obìnrin ni a kà á sí sílẹ̀. Ní ọ̀dọ̀ Yorùbá, baba ńlá kì í ṣe ẹnikẹ́ni tí ó kàn ti gbé ayé ṣáájú wa. Ẹni tí a jogún oríkì rẹ̀ ni, tí a mọ agbo ilé rẹ̀, tí a sì lè tọpa ìran wa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àwọn onímọ̀ kò sì sọ pé Lucy ni ó bí wa. Ó lè jẹ́ ẹ̀ka tí a ti hù jáde, ó sì lè jẹ́ ẹ̀ka ẹ̀gbẹ́ kan tí kò so èso. Aṣáájú ni ọ̀rọ̀ tí ó tọ́: ó sọ pé ó ṣáájú, kò sọ pé òun ni bàbá. Bákan náà ni kí a yẹra fún 'ìgbà ìwáṣẹ̀' nínú irú ìwé yìí. Ìgbà tí Ọbàtálá ń mọ ara ọmọ ènìyàn ni ìgbà ìwáṣẹ̀. Ìtàn yẹn ní àyè tirẹ̀ àti ọlá tirẹ̀, a kì í sì í ka ọdún fún un. Fún ohun tí a ka ọdún rẹ̀, ìgbà láéláé tó.

Ọ̀rọ̀ kẹrin ni egungun, àmì ohùn nìkan ni ó sì dá ẹjọ́ rẹ̀. Òǹkọ̀wé náà kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀ tí ó bá gùn. Ó kọ ọ́ pé, 'A ri egungun awon baba nla ni Afirika.' Ẹni tí a bí sí Èjìgbò kò ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì: egúngún ni yóò kà, aṣọ ni yóò rí, kì í ṣe egungun inú ilẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì ṣe di ọ̀rọ̀ ọdún eégún. Ẹ̀rí irú ewu yìí wà nílé wa. Ní ọdún 1965, Thurstan Shaw àti àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́ hú agbárí kan jáde nínú ihò àpáta kan nítòsí Ìsàrun, tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó lónìí. Ihò Eléérú ni ibẹ̀ ń jẹ́, ihò tí eérú wà. 'Iwo Eleru' ni ó di nínú ìwé gbogbo ayé, láìsí àmì kankan. Ẹni tí kò mọ ibẹ̀ lè kà á sí ẹlẹ́rú tí ó ni ẹrú, ó sì lè kà á sí ẹlẹ́rù tí ó di ẹrù. Ihò náà sì ti di ìwo tí ó wà lórí màlúù. Agbárí yìí ṣe pàtàkì. Ìwádìí tí Katerina Harvati àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní ọdún 2011 fi ọjọ́ orí rẹ̀ sí àárín 11,700 àti 16,300 ọdún, ó sì ní ìrísí rẹ̀ jọ ti àwọn tí ó ti gbé ayé pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Síbẹ̀ ènìyàn ni wọ́n pè é. Ó dùn wá pé ẹni tí a rí lórí ilẹ̀ wa ń rìn káyé pẹ̀lú orúkọ tí àwa fúnra wa kò lè kà.

Ó ku ọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí àkọtọ́. Nínú ìwé yìí, a rí enia, ènìà, ènìyàn àti èèyàn lórí ojú ìwé kan náà. Enia ti di ti àtijọ́ láti ìgbà tí a ti fọwọ́ sí àbọ̀ ìgbìmọ̀ àkọtọ́ ní ọdún 1974. Ènìyàn ni kí a máa kọ nínú ìwé ẹ̀kọ́, kí a fi èèyàn sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ẹnu. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn òǹkàwé Abidjan ni ó wá láti ilẹ̀ Benin, níbi tí a ti ń kọ ẹ̀yà ní ɛ̀yà, ọmọ ní ɔmɔ. A kò sọ pé ọ̀kan dára ju èkejì lọ, ṣùgbọ́n kí ìwé kan má ṣe lo méjèèjì. Àti pé kí a kọ 'ohun èlò òkúta', kí a yé kọ 'irinṣẹ́ òkúta': ní 150,000 ọdún sẹ́yìn, ẹnikẹ́ni kò tíì rọ irin.

Ní ṣókí, ohun tí a ń bẹ̀ yín sí nìyí. Kí ẹ̀yà má ṣe kúrò lórí àwọn ènìyàn tí ó ní èdè àti àṣà. Kí irú-ẹ̀dá ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Kí ìran ènìyàn àti ìdílé ènìyàn àti ìnàkí má ṣe dàpọ̀. Kí aṣáájú gba ipò baba ńlá. Kí àmì ohùn wà lórí egúngún nígbàkúùgbà, bí àyè kò bá tilẹ̀ gbà á lórí ọ̀rọ̀ mìíràn. Ẹ̀yin olùdánwò, bí ọmọ bá kọ 'ènìyàn ìgbà láéláé' nípa àwọn ará Anyama, ẹ má ṣe fa igi lé e. Bí ó bá pe Bété tàbí Yorùbá ní irú-ẹ̀dá, ẹ fà á, kí ẹ sì sọ ìdí rẹ̀ fún un.

A ti dá ìwé náà padà sí Abidjan. Àtúnṣe àkọ́kọ́ tí a kọ sí etí rẹ̀ wà lórí ìbéèrè tí ó kẹ́yìn: 'Ta ni ó gbẹ́ òkúta Anyama?'